Ilà ojú mi àti ẹ̀rọ etí ọmọ àbúrò mi

Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ará Ọ̀yọ́ ni bàbá mi. N ò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe olóólà, ó sì bu àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Omi ìgbín ni màmá mi ní wọ́n ń kán sójú egbò náà kó lè tù mí. Kò sẹ́ni tó bi mí. Bí wọ́n ṣe fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ tó nílé ìwé, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi nígbà tí àbúrò mi ní wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ sí ọmọ òun lórí. Ọmọ ọdún méjì ni, kò sì gbọ́rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Cochlear implant lorúkọ ẹ̀rọ náà. Dókítà ní wọ́n á la awọ ẹ̀yìn etí, wọ́n á ti wáyà tín-ín-rín wọ inú etí lọ́hùn-ún, níbi tó ká bí ìkarahun ìgbín. Apá kejì á wà níta, òòfà ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí. Bí mo ṣe gbọ́ ìgbín yẹn, ọwọ́ mi ti lọ sẹ́rẹ̀kẹ́.

Mo ní, "Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọlà fọ́mọ mọ́. Jẹ́ kó dàgbà, kó yàn fúnra rẹ̀."

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá pẹ́ jù, ọpọlọ rẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ìró ń wí mọ́. Kí ló máa kù tó máa yàn?"

N ò rí èsì fọ̀.

Adití ni télọ̀ mi ní Sàbó. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sí fóònù fún un. Ojú rẹ̀ le. Ó kọ ọ́ padà pé òun kì í ṣe aláìsàn. Mo padà kà á pé National Association of the Deaf, ẹgbẹ́ àwọn adití Amẹ́ríkà, tako ẹ̀rọ yìí fọ́mọdé ní 1991. Ó di 2000 kí wọ́n tó rọ ohùn. Télọ̀ náà bẹ̀ mí pé, ohun yòówù tí a bá ṣe, ká má gba ọ̀rọ̀ ọwọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Wọ́n ṣe é. Ilẹ̀ àbúrò mi ní Ìjẹ̀dẹ́ bá a lọ. Gbogbo wa sì ń kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí. Bí mo bá pè é láti kíṣìnnì, ó ń dáhùn. Tó bá fẹ́ sùn, á já ẹ̀rọ náà kúrò lórí fúnra rẹ̀, á gbé e sínú agolo mílíìkì. Lálẹ́ àná, ó fi ìka tọ àbàjà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fọwọ́ bi mí pé ìgbà wo ni èmi máa ń yọ tèmi.