Ìdánwò kọ́, ìpéjọ ni: lórí orúkọ tó yẹ ètò ààbò èrò inú ọkọ̀ òkun

Ẹ̀yin alábàáṣe nínú iṣẹ́ èdè, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ètò ààbò tí wọ́n máa ń ṣe fún èrò, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "muster drill", kí kálukú lè mọ ibi tí yóò lọ bí ewu bá dé nínú ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gbé èèyàn láti èbúté dé èbúté fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹnìkan nínú wa dábàá pé kí á máa pè é ní "ìdánwò ààbò". Ẹlòmíràn gbè é lẹ́yìn, ó sì fi "ẹsẹ̀ ìrìnàjò" kún un gẹ́gẹ́ bí orúkọ apá kọ̀ọ̀kan ìrìnàjò náà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "leg". Mo mọ rírì akitiyan àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá so ẹ̀mí èèyàn mọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ kàn mí. Ó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Southampton lọ́dún tó kọjá. Kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n kéde pé kí èrò kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà rẹ̀ sára káàdì tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. C ló wà lára ti ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó débẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kan ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà dún, ọmọkùnrin náà sì fi bí wọ́n ṣe ń so okùn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì hàn án. Ní Lisbon, èrò mìíràn wọlé fún apá kejì ìrìnàjò náà, wọ́n sì pe àwọn náà kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù pé, "Àbúrò, kí ni kí n pe nǹkan tí wọ́n ṣe fún wa yìí tí á fi yé màmá wa?" N kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo wá rí "ìdánwò ààbò" níbí, mo fi sípò náà, ó sì kọ̀ láti bá a mu.

Ìdánwò ni ohun tí à ń jókòó ṣe, tí a lè yege nínú rẹ̀, tí a sì lè kùnà. Nínú ìjọ pẹ̀lú, ìdánwò ni ìpọ́njú tó bá onígbàgbọ́. Bí àgbàlagbà kan bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò fún òun nínú ọkọ̀ tó wà lórí òkun, àyà rẹ̀ á já, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe. Ohun kan tún wà tó burú ju èyí lọ. Ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò, ara rẹ̀ nìkan ló ṣe é sí. Ẹni tí kò bá sí níbi ètò tí à ń sọ yìí, gbogbo àwọn tó kù ni kò tíì pé nítorí rẹ̀.

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe "pé" yìí ni mo rò pé orúkọ tí à ń wá fara pamọ́ sí. Àwa Yorùbá kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ẹbí bá fẹ́ gbéra ìrìnàjò, ẹni tó bá dàgbà jù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti pé?" Kò ní bèèrè pé, "Ẹ mélòó ni yín?" Ìdí nìyí tí n kò fi ní gba "ìkaèrò" náà, tí ẹnìkan mẹ́nu kàn lẹ́yìn "ìdánwò", bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkà wà nínú iṣẹ́ náà lóòótọ́. Ìpéjọ ni mo dábàá. Kí a sì ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀ o, nítorí pé "ìpèjọ" ni iṣẹ́ ẹni tó ń pe àwọn ẹlòmíràn jọ, "ìpéjọ" sì ni ti àwọn tí a pè. Ọ̀gá atukọ̀ lè pè títí ohùn rẹ̀ á fi há. Bí èrò kò bá pé, ètò náà kò tíì parí. Ibi tí lẹ́tà C wà, kí á pè é ní ibùpéjọ, bí a ṣe ń sọ ibùsùn àti ibùjókòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ Costa Concordia ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "pé" yìí wọ̀ mí lára. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ náà gbá àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì. Èèyàn 4,229 ló wà nínú rẹ̀. 32 ló kú. Kì í ṣe èbúté kan ṣoṣo ni èrò ti ń wọ ọkọ̀ yẹn. Bí àwọn kan ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ní èbúté kan ni àwọn mìíràn ń wọlé, àwọn tó súnmọ́ 700 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní Civitavecchia ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Òfin ìgbà náà fàyè gbà á pé kí wọ́n ṣe ìpéjọ fún èrò tuntun láàárín wákàtí 24, nítorí náà ọjọ́ kejì ni wọ́n fi tiwọn sí. Ọjọ́ kejì kò dé kí àpáta tó dé. Nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú 15 ni ọkọ̀ gbá àpáta, wọ́n ń sọ fún èrò pé iná mànàmáná ló dàrú, ó sì ju wákàtí kan lọ kí àṣẹ pé kí wọ́n kúrò nínú ọkọ̀ tó jáde. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ sí yàrá, tó ń jẹun alẹ́, tí ilẹ̀ wá ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò sì mọ ibi tí yóò forí lé.

Àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, tí wọ́n ń pè ní SOLAS, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ ṣe ní 1914 lẹ́yìn tí Titanic rì, yí òfin náà padà nítorí èyí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2015, bí èrò yóò bá lò ju wákàtí 24 lọ nínú ọkọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ péjọ kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí gẹ́lẹ́ tó bá ṣí. Nínú ìrìnàjò alápá púpọ̀, èyí túmọ̀ sí pé a ti pé ní Southampton, a kò sì tún pé mọ́ ní Lisbon, àfi kí á tún pé.

Àdéhùn yẹn kan náà ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ tí àwa ń kó pọ̀. Ti èrò ni ìpéjọ. Àlàyé ààbò ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí gbohùngbohùn nígbàkigbà tí èrò tuntun bá wọlé. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ti iná pípa àti ti kíkúrò nínú ọkọ̀, ìdánrawò ni èmi yóò pè é, nítorí pé ara ni wọ́n ń dán wò, títí ọwọ́ wọn á fi mọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹnìkan lè sọ pé láti 2020 ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti jẹ́ kí èrò máa lọ sí ibùpéjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣe, kí a má bàa kó èèyàn jọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kí ni "jọ" ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà? Mo gbà pé àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ewu bá dé, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn yóò péjọ sí, bẹ́ẹ̀ ni "pé" kò sì kúrò nílé: ìgbà tí káàdì ẹni ìkẹyìn bá dún ni wọ́n tó pé.

Ti "ẹsẹ̀ ìrìnàjò" kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ìrìnàjò náà. Abala ìrìnàjò tó fún wa. Ní ti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú ń pè é, ó sì yé gbogbo ayé. Mo fẹ́ràn "ẹ̀wù amúniléfòó", ṣùgbọ́n n kò ní gba láìfù jákẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ṣòro jù ni àṣẹ ìkẹyìn. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé "ẹ kọ ọkọ̀ sílẹ̀". Ìkọ̀sílẹ̀ ọkọ àti aya ni etí Yorùbá máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú ìyẹn, bí a bá sì yọ àmì ohùn kúrò, kò sí ohun tó ya ọkọ̀ kúrò lára ọkọ mọ́. "Ẹ bọ́ sílẹ̀" ni ti ọkọ̀ tó ti dé ibi tó ń lọ. "Ẹ kúrò nínú ọkọ̀" ni mo fara mọ́. Bí mo bá ní kí n kọ ìkéde náà lónìí, báyìí ni yóò rí:

"Ẹ̀yin èrò tó wọlé ní Lisbon, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀ ní ibùpéjọ yín báyìí. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún lẹ́ẹ̀méje ṣókí-ṣókí, tó wá dún lẹ́ẹ̀kan gbọọrọ, ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ padà síbí. Ẹ má wọ inú ọkọ̀ kékeré ìgbẹ̀mílà títí a ó fi sọ fún yín pé kí ẹ kúrò nínú ọkọ̀. A kò ní ṣí títí ẹ ó fi pé."