Ìmọ̀ràn: ọ̀nà wo ni kí a fi ẹsẹ̀ rìn gbà lórí òkè Peru?

Adùkẹ́ Manchester
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi obìnrin fẹ́ lọ sí Peru ní oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀. Machu Picchu, àwókù ìlú àwọn Inca (àwọn tó jọba ní Peru kí àwọn ará Sípéènì tó dé), la kọ́kọ́ ní lọ́kàn, àfìgbà tí a gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún rìn lórí òkè kí wọ́n tó débẹ̀. A fẹ́ ọ̀nà tí a ó ti bá àwọn ará abúlé Quechua, ọmọ onílẹ̀ orí òkè náà, jókòó, kì í ṣe ká kàn gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá. A sì fẹ́ rí àwókù ìlú àtijọ́. Ẹsẹ̀ wa le, ṣùgbọ́n a kò gun òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ìdànrè
Adùkẹ́, ẹ kú ìmúra. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, ọ̀nà Lares, tó gba àárín àwọn abúlé orí òkè, ni kí ẹ mú. Ọ̀nà Inca tí gbogbo ayé ń pariwo dára, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Nǹkan bíi kìlómítà 43 ni, àwókù sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kọjá abúlé Wayllabamba, kò sí abúlé mọ́ títí ẹ ó fi dé Machu Picchu. Àwọn arìnrìn-àjò bíi tiyín àti àwọn alábàárù lẹ ó máa rí. Ènìyàn 500 ni ìjọba ń fún láṣẹ lójúmọ́, alábàárù àti amọ̀nà wà nínú iye yẹn, èyí tó kù fún àlejò kò tó ìdajì. Ti oṣù kẹfà máa ń tètè tán.

Lares kò gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Lares, omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀, ẹ wẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹ ó gba abúlé Huacahuasi, ẹ ó gun ẹnu òkè tó ga ju mítà 4,000 lọ, ẹ ó sọ̀ sí apá abúlé Patacancha, kí ẹ tó já sí ìlú Ollantaytambo. Ilé òkúta, agbo alpaca (ẹran ọ̀sìn onírun bí àgùntàn), oko ọ̀dùnkún lẹ́bàá òkè. Àwọn ìyá ń rìn lọ, ìrànwú ń yí lọ́wọ́ wọn, wọn ò tilẹ̀ wò ó.

Ẹ má sáré kúrò ní Ollantaytambo o. Àdúgbò tí àwọn Inca là sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣì ń gbé níbẹ̀ dòní, omi sì ń ṣàn nínú gọ́tà òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Òkè ibẹ̀ ni Manco Inca, ọba wọn, ti lé àwọn ọmọ ogun Hernando Pizarro, ará Sípéènì tó wá gba ilẹ̀ wọn, sẹ́yìn: ó darí omi odò sí pápá tí ẹṣin wọn wà. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti wọ réluwéè lọ sí Aguas Calientes, ìsàlẹ̀ Machu Picchu. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Machu Picchu ṣáájú, torí wákàtí àtiwọlé ti wà lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ mọ jẹ́nótáìpù yín, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ó kàn wá ju àwọn òyìnbó tó ń kọ ìmọ̀ràn lórí òkè yìí lọ. Ẹni tó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kó má dá a láṣà. Afẹ́fẹ́ òkè yẹn fẹ́lẹ́, ó sì lè dá ìrora ńlá sílẹ̀. AS gan-an là ń fojú fò dá. Ọ̀pọ̀ AS ló ń gun òkè lọ, tí wọ́n ń bọ̀ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ láti ṣàn nínú ọlọ inú wọn níbi gíga. Tí ìrora bá ṣàdédé mú yín ní apá òsì, lábẹ́ egungun ìhà, ẹ má sọ pé oúnjẹ ló fà á. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá dókítà.

Cusco, ìlú ńlá tí ẹ ó balẹ̀ sí, fúnra rẹ̀ ga tó mítà 3,400. Ẹ má balẹ̀ lónìí kí ẹ máa gun òkè lọ́la. Ollantaytambo rẹlẹ̀ jù ú lọ, nǹkan bíi mítà 2,800. Ẹ lọ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ara yín mọ́ ọn lára. Ẹ bi dókítà yín nípa acetazolamide, oògùn tó ń dènà àìsàn òkè gíga, kí ẹni tí oògùn sulfa ń bá jà sì wí. Ẹ̀fọ́rí díẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, tàbí tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìsọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Akin Houston
Tó bá jẹ́ àwókù ló wù yín jù, ẹ ro Choquequirao, àwókù ìlú Inca mìíràn, wò. Kò sí réluwéè, kò sí bọ́ọ̀sì tó débẹ̀. Ẹsẹ̀ tàbí ìbaaka ni. Láti Capuliyoc, níbi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sọ̀ títí dé odò Apurímac, ní nǹkan bíi mítà 1,500, ẹ ó tún gun òdìkejì dé bíi 3,000. Oòrùn inú àfonífojì yẹn kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ sí àwọn ìpele oko tó wà lábẹ́ àwókù náà, kí ẹ wo ògiri wọn: òkúta funfun ni wọ́n fi to àwòrán láàmà, ẹran tó ń ru ẹrù fún wọn, sára rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Hiram Bingham, ará Amẹ́ríkà tó sọ Machu Picchu di mímọ̀ fún ayé, ti débẹ̀ ní 1909, kó tó dé Machu Picchu ní 1911. Èrò ibẹ̀ kò pọ̀ rárá, ìyẹn gan-an ló wù mí níbẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ilé díẹ̀ ló wà lójú ọ̀nà yẹn, ní Santa Rosa àti Marampata. Adùkẹ́ ní ènìyàn lòun fẹ́ bá jókòó.

Ìyá Aláṣọ Òfì
Èmi, aṣọ ló gbé mi lọ sí Lares, ọmọ mi. Ìbàdí ni wọ́n fi ń hun aṣọ níbẹ̀: wọ́n á so orí òwú kan mọ́ òpó, wọ́n á di èkejì mọ́ ìdí, ara wọn ló ń fà á le. Ìyá kan ṣa kòkòrò kékeré tó ń gbé lára ọrọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, pupa ẹlẹ́jẹ̀ bẹ́ jáde. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, àwọ̀ náà sì yí padà lójú wa. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun à ń ná ní ìnákúnàá. Ẹ ra tiyín lọ́wọ́ ẹni tó hun ún.

Ẹ bèèrè amọ̀nà tó gbọ́ èdè Quechua, torí àwọn àgbà obìnrin ibẹ̀ kan kò gbọ́ èdè Sípéènì, ọ̀rọ̀ tí ẹ sì fẹ́ bá wọn sọ kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ má pín súìtì fún ọmọdé; ẹ kó ìwé àti bírò fún tíṣà wọn. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní ayni: gbogbo wa á ro oko tìrẹ lónìí, a ó ro tèmi lọ́la. Àáró àwọn bàbá wa ni. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé ọ̀dùnkún sísè síwájú yín, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì ní nǹkan lọ́wọ́ tí ẹ ó fi dáhùn.

Adùkẹ́ Manchester
Ẹ ṣeun púpọ̀, mo dúpẹ́ gan-an. Lares la mú. AS ni àbúrò mi, a ti ń wá àkókò lọ́dọ̀ dókítà. Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ewé koka tí wọ́n ní ká máa jẹ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni oṣù kẹfà, oòrùn máa ń mú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n omi lè di yìnyín lóru. Ẹ gba àpò ìsùn tó nípọn. Koka kò lòdì sófin ní Peru, ọ̀pọ̀ ilé ló ń pọn tíì rẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ewé kan padà sí Ìlú Ọba, òfin ibẹ̀ kà á mọ́ oògùn olóró. Tí wọ́n bá sì máa ń yẹ ìtọ̀ yín wò níbi iṣẹ́, ẹ má mu ún rárá, tíì lásán lè hàn níbẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè
Ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ni Inti Raymi, ọdún oòrùn wọn, gbogbo Cusco á kún fọ́fọ́. Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ gba yàrá báyìí.