Wọ́n ti yọ owó orí lára owó oṣù mi, kí ni wọ́n tún ń béèrè?

Bàbá Ìbejì, Manchester:
Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́ tèmi. Lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó orí mi níbi iṣẹ́ kí owó tó dé ọwọ́ mi, PAYE nìyẹn. Mo ti gbà pé àwọn tó ń wa táàsì àtàwọn onísọ́ọ̀bù ni Self Assessment, fọ́ọ̀mù owó orí téèyàn ń fúnra rẹ̀ kọ, wà fún. Ìyàwó mi ló ń gba owó ọmọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san fún òbí, àkáǹtì tirẹ̀ ló ń wọ̀. Àfi bí lẹ́tà búráùn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn agbowó orí ṣe já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ tèmi gàdàgbà gadagba lára rẹ̀!

Àṣé lọ́dún 2022 sí 2023 yẹn, bí owó tọkọ tàbí taya bá ti lé ní £50,000, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ló máa dá lára owó ọmọ padà: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún £100 kọ̀ọ̀kan tó fi lé. £56,000 ni tèmi. Ìdá ọgọ́ta nìyẹn. £36.25 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san fún ọmọ méjì, ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ó lé ní £1,100. Owó tá a ti fi ra pámpásì! Mo wo ojú ìyàwó mi, fóònù ló ń tẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2024, wọ́n ti gbé £50,000 yẹn dé £60,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ, orí yín sunwọ̀n.

Ìyá Onígèlè, Peckham:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ìbejì. Gèlè ló kó bá tèmi. Iṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn aláìlera, ni mò ń ṣe, àmọ́ ní Sátidé mo máa ń wé gèlè fún àwọn tó ń lọ òde, £40 orí kan. Mo ní béèyàn bá yọ owó ọkọ̀ àti pínnì, kí ló kù? Àbúrò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní, "Àǹtí, £1,000 tí wọ́n fi jì wá lọ́dún lórí òwò ara ẹni, gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe èrè o." Mo ṣí ìwé kékeré tí mò ń kọ orúkọ sí. Orí mẹ́tàdínláàádọ́ta, £1,880.

Mo forúkọ sílẹ̀ fún Self Assessment lóṣù kẹsàn-án, kí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá tó pé. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́, inú Bíbélì ni mo fi sí, mo sì gbàgbé. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ni gbèdéke. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Owó orí tí mo jẹ ò ju £176 lọ, ìtanràn ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ £100. Gèlè méjì ààbọ̀!

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds:
Ẹ má gbàgbé ilé tá a kọ́ sílé. ₦800,000 lọ́dún ni ayálégbé mi ń san n'Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀gbọ́n mi á sì fi ránṣẹ́ sí mi níbí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náírà ò kan àwọn agbowó orí ibí. Ó kàn wọ́n. Ní 2021, owó yẹn ju £1,000 tí wọ́n fi ń ji onílé lọ, mo kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Náírà wá já. ₦800,000 kan náà ò tó £500 mọ́, fọ́ọ̀mù ti fò mí dá. Níbi tí mo ti fẹ́ máa dúpẹ́ ni mo ti rántí pé owó mi náà ni.