Kí lẹ̀ ń gbọ́ lọ́wọ́ báyìí? Ẹ wá sọ orin tó wà létí yín

Ọmọ_Ìjìgbò:

Ẹ̀yin ará ilé, Èkìtì kete o! Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orin díẹ̀ jàre. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ yìí, I.K. Dairo ṣáá ló wà létí mi. Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé mo ti so fóònù mọ́ sípíkà, wọ́n á sì máa kọ ọ́ lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá náà kì í ṣe ọmọ Èkìtì o, Ìjẹ̀bú-Jèṣà ni ìlú wọn, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé èdè àwa àti Ìjèṣà ò jìnnà síra, tí wọ́n bá ti fi ẹnu ilé kọ ọ́ báyìí kò sí èyí tó ń fò mí.

Ohun tó ń mú mi lórí jù ni àkọ́díọ̀nù yẹn. Àwọn ni wọ́n gbé e wọ inú jùjú. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, àkọ́díọ̀nù á kọ́kọ́ gbé ohùn sílẹ̀, bàbá á dá orin, àwọn elégbè á gbè é, gángan á tún wá fọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu tiẹ̀, kó o tó mọ̀ ó ti parí, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àwo kékeré ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, ojú rẹ̀ ò gba jù bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní bá ọ̀rọ̀ òfìfo kankan nínú ẹ̀. Ní 1963 Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá wọn lọ́lá, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílé níbí ṣì ń pe olórin ní alágbe!

Ó yá, ẹ̀yin ńkọ́? Mi ò sọ èyí tẹ́ ẹ kàn gbọ́ fìrí lórí TikTok o, èyí tẹ́ ẹ jókòó tì gan-an ni mo ń bèèrè. Ẹ dárúkọ olórin, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tó ti ń dùn mọ́ yín, káwa náà lè lọ wá a. Orin ṣọ́ọ̀ṣì o, fújì o, àpàlà o, ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí o, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.

Télọ̀_Ìkéré:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Èmi o, Màmá Bọ́lá Àrẹ ni lójoojúmọ́. Ọmọ Ẹ̀rìò ni wọ́n, Èkìtì wa níbí, ohùn wọn yẹn ò gba gbẹ̀rẹ́ rárá, tí wọ́n bá gbé orin tán tí wọ́n wá bọ́ sínú àdúrà, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí ẹ̀rọ, màá kàn gbé aṣọ lélẹ̀ kí n ṣe àmín tèmi kí n tó máa rán an lọ. Orin àwọn àgbà CAC ni, ìlù, àtẹ́wọ́, agogo, kò sí pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ tún ohùn ẹnikẹ́ni ṣe.

Tó bá wá di ọjọ́ Jímọ̀ tí aṣọ ẹbí pọ̀ nílẹ̀, Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ló kù. Ọmọ Ìpóti làwọn náà, ẹ má jẹ́ kí ará Ìbàdàn gbà wọ́n lọ́wọ́ wa o! Èmi ò lè gbọ́ orin wọn kí n má rántí pé jàǹbá ọkọ̀ 1997 yẹn ló gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́ arọ, orí ibùsùn àìsàn ni ọ̀rọ̀ orin ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ẹni tí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí tó sì ń mú àwọn èèyàn jó káàkiri, ẹ ò rí i pé ọpẹ́ yẹn dénú.

Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan. Bàbá mi tó ti dolóògbé fi àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀, páálí kan gbáko, Orlando Owoh, Délé Òjò, Sunny Adé, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ kó o dànù, mo ní kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀?

Ọmọ_Fásitì_Ọ̀yẹ́:

Ẹ̀gbọ́n Ìjìgbò, ẹ tún fi èyí kún un pé nígbà tí Bàbá Dairo dàgbà, wọ́n lọ kọ́ àwọn òyìnbó ní jùjú ní Yunifásítì Washington, ní Seattle, láàárín 1994 sí 1995. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa orin lèmi náà ì bá fẹ́ lọ ká ní ó wà níbí.

Èmi, Aṣa ni mo ń gbọ́, àwo wọn àkọ́kọ́ tó jáde ní 2007. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, àmọ́ orin tó bá dáa kì í gbó létí mi. Alẹ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ, tí NEPA bá ti mú iná lọ tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì dákẹ́, ẹ máa gbọ́ ìka lára okùn gìtá, ẹ máa gbọ́ ibi tó ti mí kó tó gbé ìlà tó kàn. Yorùbá tó ń kọ yẹn ò le, ọmọdé lè gbọ́ ọ, síbẹ̀ ó wúwo. Bí mo bá gbọ́ ọ tán màá bọ́ sórí Beautiful Nubia. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orin àwọn arúgbó ni mò ń gbọ́, èmi ò dá wọn lóhùn.

Àgbà_Ìlawẹ̀:

Ẹ ṣeun ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn, àmọ́ ó yà mí lẹ́nu pé ẹ sọ̀rọ̀ débí, kò sẹ́ni tó dárúkọ Elémùrẹ́ Ògúnyẹmí! Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ Èkìtì pọ́ńbélé kọrin, tí wọ́n sì gbé e sórí àwo kí gbogbo ayé gbọ́. Òun ni mò ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ mi ló bá mi wá a lórí YouTube. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe ń fa ohùn ní ìparí ìlà, ẹni tó bá ti gbọ́ alámọ̀ rí lẹ́nu àwọn ìyá wa, níbi ìnáwó tàbí níbi òkú àgbà, á mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá. Àwọn ìyá yẹn ti ń lọ o, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wọn ò kọ́ ọ. Ẹni tó bá ní ìyá tó mọ alámọ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé fóònù sítòsí wọn kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ má dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, Sunny Adé ni, àwo tí wọ́n ṣe fún Island, ilé-iṣẹ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ti òyìnbó, ní 1982. Gìtá irin kan wà níbẹ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á, ohùn rẹ̀ á máa yọ̀ láàárín àwọn gángan. Àmọ́ àwọn àwo tí wọ́n ti ṣe nílé ṣáájú ìyẹn ni mo fẹ́ jù, níbi tí orin kan ti ń wọ inú èkejì láìdúró títí ojú àwo kan á fi tán, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má já a láàárín. Àwọn onígìtá yẹn kì í sáré, wọ́n á rọra gbé e, ẹni tó bá ti pa á ní ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Alápàlà_Ọmùò:

Hàrúnà Ìṣọ̀lá o! Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó, tó jẹ́ pé ìjókòó ni wọ́n ti ń kọ ọ́, kò sí gìtá, kò sí àkọ́díọ̀nù, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ni, gbogbo ọ̀rọ̀ kún fún òwe. Láti 1983 tí wọ́n ti lọ, èmi ò rí ẹni tó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti bu ọ̀wọ̀ fún Àyìnlá Ọmọwúrà kí ẹnikẹ́ni tó bá mi jà.

Ọmọ_Ìjìgbò:

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Ìlawẹ̀, mo ti ń wa Elémùrẹ́ báyìí, mo ti rí díẹ̀. Ta ló máa dá àbúrò wa Télọ̀ lóhùn lórí àwo yẹn?

Onírẹ́kọ́ọ̀dù_Adó:

Èmi rèé. Arábìnrin, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Ẹ kọ́kọ́ kó o kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má tò ó lé ara wọn lórí, èyí tó wà nísàlẹ̀ á tẹ̀, ìnàró ni kẹ́ ẹ tò ó bí ìwé, níbi tí oòrùn ò ti ní í dé. Tí eruku ọyẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, aṣọ tó rọ̀ àti omi tó mọ́ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún yíká, bí ìlà orí rẹ̀ ṣe lọ, ẹ má nù ún dábùú, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó wúwo tó le, tí wọ́n kọ 78 sí, ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un, tó bá já bọ́ á fọ́ ni, ẹ má sì fi spírìtì kàn án rárá, á jẹ ojú rẹ̀. Àwọn tó kọ 33 tàbí 45 lágbára díẹ̀.

Ẹ má tíì gbé e sórí rẹ́díógírámù àtijọ́ kankan títí ẹ ó fi pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti jẹ á kàn máa họ ohùn kúrò lójú àwo ni. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí àwo kọ̀ọ̀kan síbí, àgàgà ti Orlando Owoh, ká lè bá yín wo ọdún tó jáde.