Ẹ gbà mí o: báwo ni mo ṣe lè ṣe ìhámọ́ra irin Ògún fún àbúrò mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mùṣín ni mò ń gbé. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 11, ni yóò ṣe Ògún nínú eré ilé ẹ̀kọ́ wọn, èmi ni mo sì gba iṣẹ́ aṣọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ aṣọ pupa lásán. Mo fẹ́ kó dìhámọ́ra látorí dé ẹsẹ̀ bí akọni ayé òde òní, torí òun ló ni irin.

Mo lọ sí Owódé Onírin, mo ra páànù fẹ́lẹ́, mo gé e sí awẹ́ méje, torí Ògún méje ni wọ́n ń kì. Ó wuyì lójú, àmọ́ etí páànù ti ha ọmọ lábẹ́ abíyá, kò sì lè gbé idà sókè. Ẹkún tó sun lánàá ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí ni mo lè lò tí yóò ṣì máa dán bí irin? Fóòmù ni àbí páálí? Gọ́ọ̀mù wo ni oòrùn kì í tú?

Màrìwò laṣọ Ògún, mo sì fẹ́ so ó mọ́ èjìká rẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní tètè rọ?

Ẹ̀yin ará Ìrè-Èkìtì, ìtàn ní Ògún ò kú, ó wọlẹ̀ nílùú yín ni. Báwo la ṣe lè ṣe ìyẹn lórí pèpéle, tí kò ní jọ pé ó kú? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ẹ jọ̀ọ́.