Dídá gìrì wárápá mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà quantum: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ quantum gidi rí. Mo fẹ́ fi í dá gìrì wárápá mọ̀ nínú EEG, ìyẹn àkọsílẹ̀ iná ọpọlọ. Dátà CHB-MIT, àkọsílẹ̀ EEG àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó ní wárápá, ni mò ń lò: ẹ̀rọ EEG ka iná ọpọlọ ní ìgbà 256 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fún ègé àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà 8, mo sì gbé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lé qubit kan, ẹyọ tí kọ̀ǹpútà quantum fi ń tọ́jú ìsọfúnni.

Lórí simulator (kọ̀ǹpútà lásán tó ń ṣe bíi ti quantum), ó ń dá gìrì mọ̀ dáadáa. Lórí ẹ̀rọ gidi, ariwo, ìyẹn àṣìṣe inú ẹ̀rọ, bò ó mọ́lẹ̀. Ègé kan wà tí mo mọ̀ bí ẹni mowó, ìgbì rẹ̀ ga ṣóńṣó, ojú lásán rí i pé gìrì ni. Ẹ̀rọ náà ní kò sí nǹkan kan.

Ṣé kí n kọ́kọ́ dín gate (ìgbésẹ̀ ìṣírò) tó ń so qubit méjì pọ̀ kù ni, àbí kí n tún àṣìṣe tó ń wọlé nígbà tí a bá ń ka èsì ṣe? Ìgbà mélòó lẹ máa ń tún sáákítì kan (àwọn gate tí a tò tẹ̀ léra) ṣe kí èsì tó dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdá tó gbà nínú ọgọ́rùn-ún nìkan wọ̀n ọ́n: gìrì kéré gan-an láàárín ọ̀pọ̀ wákàtí, èyí tó bá sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ọmọ ẹnì kan ni.