Lẹ́tà kọ́ ni wọ́n ń fín sára

Ẹ̀yin ará, nínú àbá tó ti jáde lórí orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe ìkọ̀wé Ṣáínà tí àwọn ènìyàn ń fín sí ara, "fínfín lẹ́tà Ṣáínà" ló ń borí. Mo fara mọ́ fínfín tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà wà lẹ́nu wa, kò sí ìdí tí a ó fi pa á tì nítorí táátù. Lẹ́tà ni n ò lè gbà.

Ìró lásán ni lẹ́tà dúró fún. B kò ní ìtumọ̀ kankan. Àmì Ṣáínà kọ̀ọ̀kan ń dúró fún odidi sílébù kan, ìtumọ̀ sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. 大 ni "ńlá". Bí ẹ bá fi àmì bíńtín kan sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di 太, "jù". Bí àmì bíńtín yẹn bá bọ́ sókè lápá ọ̀tún, ó di 犬, "ajá". Ibi tí abẹ́rẹ́ bá bà sí ló ń pinnu ohun tí ènìyàn yóò máa gbé kiri lára.

Ẹni tó bá gbọ́ "lẹ́tà" yóò máa wá A, B, D níbẹ̀, kó lè to orúkọ ara rẹ̀ sápá. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́ láwọn ilé ìfínra kan: àmì kan fún A, òmíràn fún B, títí dé Z. Ayédèrú pátápátá ni. Ará Ṣáínà tó bá rí i kò ní rí orúkọ kankan kà níbẹ̀. Sílébù ni wọ́n fi ń kọ orúkọ àjèjì: lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú Anna, àmì méjì péré ni tiwọn, 安娜.

Àbá kejì ni "àwòrán-ọ̀rọ̀". Ó dùn létí, àmọ́ díẹ̀ nínú àwọn àmì náà ló jẹ́ àwòrán. Ẹ wo 妈, "ìyá". 女, "obìnrin", ló gbé ìtumọ̀ níbẹ̀. 马, "ẹṣin", kò bá ìyá tan rárá, ìró rẹ̀ nìkan ni wọ́n yá.

"Àmì-ọ̀rọ̀" ni mo dìbò fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pé tán. Àmì kan kì í fìgbà gbogbo dá ọ̀rọ̀ jẹ́, méjì tí a so pọ̀ sì lè bí ohun tí ẹni tó so wọ́n kò rò. Ní 2019, Ariana Grande, olórin Amẹ́ríkà, fín 七輪 sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní èdè Japan, èdè tó yá àmì wọ̀nyí lọ́wọ́ Ṣáínà. "Òrùka méje" ló ń wá. 七 ni "méje" lóòótọ́, 輪 sì ni ohun tó rí róbótó, ṣùgbọ́n ààrò kékeré tí wọ́n ń fi èédú dáná nínú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì jẹ́ lápapọ̀.

Ìtumọ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ fínra gbé tọ ẹni tó gbọ́ Ṣáínà lọ, kó sì gbé e láti inú Yorùbá tààrà. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free", pe òmìnira àti ọ̀fẹ́. Àwa yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn ará Ṣáínà náà sì yà wọ́n: 自由 ni òmìnira, 免费 ni ohun tí a kò sanwó fún. Ẹni tó bá gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá lè fín èkejì sí ọrùn.